Ìgbà Tí Ìlú Bá Dúró Ni Ìjàpá Ọ̀gá Wa Ń Rìn

Kò sí wọ́kíṣọ́ọ̀pù mọkáníìkì tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn láàárín 1980 sí 1995 tí kò ní ọkọ̀ kan tí kì í lọ ibì kankan. Ẹ óò rí i nídìí ògiri, lábẹ́ igi máńgòrò tàbí lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì páànù, lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, tí koríko ti hù lábẹ́ rẹ̀. Àlejò yóò rò pé oníbàárà kan ló gbé e wá tí kò rí owó iṣẹ́ san. Rárá o. Ọkọ̀ ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni. Àwọn kan máa ń wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a ní bí ọkùnrin yìí kò bá lè tún tirẹ̀ ṣe, ta ni yóò wá gbé ọkọ̀ fún un? Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi ń bí mi nínú, nítorí èmi tí mo kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé ara ọkọ̀ orí búlọ́ọ̀kù yẹn gan-an ni a ti ṣe iṣẹ́ tó dára jù lọ nínú ọgbà náà.

Ọ̀nà Òkè-Àdó sí Mọ́lété ni wọ́kíṣọ́ọ̀pù tiwa wà. Ilé ọ̀gá wa wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, débi pé bí ìyàwó wọn bá ń ro àmàlà, àwa tí a wà lábẹ́ ọkọ̀ ń gbọ́ ìró omorogùn. Mo wọṣẹ́ níbẹ̀ ní 1983, lẹ́yìn tí mo parí ìwé márùn-ún tí owó àtilọ síwájú kò sì sí. Bàbá mi mú mi lọ, wọ́n kọ ìwé àdéhùn, wọ́n gbé ọtí àti obì kalẹ̀. Àwa ọmọ iṣẹ́ ń pè wọ́n ní Ọ̀gá, àwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n ní Bàbá Ìbejì. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Mandilas nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, láyé ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà ń kó Volkswagen wọ orílẹ̀-èdè yìí láti Jámánì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń fi fílà gééjì wọn àlàfo fáàfù dípò kí a máa fi etí gbọ́ ọ lásán.

Lásìkò tí mo dé, Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975 ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Volkswagen tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, láti ọdún kan náà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Datsun àti Toyota àwọn onítakisí. Ṣùgbọ́n tí Ọ̀gá kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ìjàpá ni, Volkswagen ọdún 1969, ẹ́ńjìnì 1500, tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ mọ́ pé apá òsì ojú títì ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972, tó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ni ìjọba yí i sí ọ̀tún. Ojú títì yí padà, ọkọ̀ tó ti wà nílẹ̀ kò yí padà. Àwọn tó ni wọ́n ń wà wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn a máa na ọrùn kọjá ẹni tó jókòó tì wọ́n kí wọ́n tó lè ré ọkọ̀ iwájú kọjá. Olùkọ́ àgbà kan ló ni Ìjàpá yìí. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kọṣẹ́ lọ́nà, wọ́n fà á wá sọ́dọ̀ wa, owó àtitún un ṣe kò sí, bàbá náà fẹ̀yìn tì, wọ́n sì papò dà. Àwọn ọmọ wọn wá wò ó lórí ìdúró, wọ́n kó ìwé ọkọ̀ fún Ọ̀gá, wọ́n ní kí wọ́n fi dí owó ilẹ̀ tí ọkọ̀ ti fi jókòó. Mo bi Ọ̀gá nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kò fi gbé sítíárìn rẹ̀ lọ sí òsì bí àwọn kan ti ṣe sí tiwọn. Wọ́n ní, "Àwọn tó ṣe é mọ ibi tí wọ́n gbé e sí."

Kò sí àyè láti tún Ìjàpá náà ṣe. Kí aago méje àárọ̀ tó lù, onítakisí àkọ́kọ́ ti dé, owó tí yóò jẹ́ fún olówó ọkọ̀ lálẹ́ ti ń gún un ní kẹ́ṣẹ́. Kì í sọ pé kí a tún ọkọ̀ òun ṣe dáadáa. Ohun tó ń sọ ni pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi mánéèjì ẹ̀, kó ṣáà gbé mi dé Dùgbẹ̀." A ó sì bá a mánéèjì ẹ̀. A ó gé gásíkẹ́ẹ̀tì láti ara páálí, a ó fi wáyà so sàláńsà tó ń wọ́lẹ̀, a ó ta ọṣẹ sí ojú ibi tí táńkì ti ń jò. Ó ti lọ nìyẹn. Ọ̀gá a wò ó títí yóò fi pòórá, wọn a sì mí kanlẹ̀. Owó tó ń wọlé báyìí ni gbogbo wa fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ó ń dùn wọ́n, nítorí wọ́n mọ bí ó ti yẹ kí a ṣe é. Ọjọ́ Àìkú ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìnáwó àti ìpàdé ẹgbẹ́ mọkáníìkì. Ní alẹ́, NEPA ti mú iná lọ.

Nítorí náà, Ìjàpá náà kì í kúrò lójú kan àfi bí ìlú bá dúró. Bí mo bá wẹ̀yìn wò báyìí, tí mo sì to àwọn ọjọ́ tí Nàìjíríà kò lè ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé ara wọn, mo ń rí iṣẹ́ tí a ṣe lára ọkọ̀ náà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ní oṣù Kẹrin 1984, ìjọba Buhari pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà lójijì, wọ́n sì ti ẹnubodè. Gbogbo ayé lọ tò sí báńkì. Owó ọwọ́ ẹni kò ṣeé ná, tuntun kò tíì kárí. Ta ni yóò gbé ọkọ̀ lọ bá mọkáníìkì nírú àkókò bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wá, tó tún mọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wá, Ọ̀gá dìde lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kí a gbé jáàkì. Nọ́ọ̀tì ńlá mẹ́rin péré ló dì ẹ́ńjìnì Ìjàpá mọ́ jíà bọ́ọ̀sì. A sọ ọ́ kalẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Lẹ́yìn náà ni ìmọ́tótó dé. Ní 1985, ìjọba fi ìmọ́tótó àyíká kún WAI, ètò ìgbógun ti ìwà àìníjàánu, ó sì di pé ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn ní títì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kórìíra wákàtí mẹ́ta yẹn. Àwa ń retí rẹ̀ bí ọmọdé ti ń retí ọdún. A ó ti jí ní ìdájí, a ó gbálẹ̀, a ó kó gọ́tà, a ó jó ìdọ̀tí, kí wolé-wolé tó kọjá má baà rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan sí wa lọ́rùn. Bí aago méje bá fi máa lù, a ti wà nídìí Ìjàpá. Kò sí fèrè ọkọ̀, kò sí onítakisí tó ń bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá tí kì í ju "fún mi ní mẹ́tàlá" tàbí "dì í mú dáadáa" lọ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, á wá máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, á máa ṣàlàyé.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń jó fáàfù Ìjàpá àtijọ́. Ọkọ̀ náà kò ní rádíétọ̀. Fáànù kan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sórí ẹ́ńjìnì láti mú un tutù. Sílíńdà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan, méjì ní ìkejì, wọ́n dùbúlẹ̀ kọjú sí ara wọn. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì kúlà, tó ń mú ọ́ìlì tutù, dúró sójú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ sí sílíńdà kẹta, ooru sílíńdà yẹn sì máa ń ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn ọkọ̀ ọdún 1971 ni àwọn ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kúlà náà kúrò lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ ọdún 1969 tiwa kò jẹ nínú àtúnṣe yẹn. Fáàfù tó ń tú èéfín sílíńdà kẹta ti jó, orí rẹ̀ ti já bọ́ sínú, ó sì ti lu písítìnì di wẹ́wẹ́. Ọ̀gá mú ọwọ́ mi, wọ́n tì í bọ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. "Fọwọ́ kàn án. Ṣé o rí ibi tó ti dí? Ìjàpá yòówù tó bá wọ inú ọgbà yìí tí ń yín ìbọn nídìí, ìkẹta ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

Láti ọjọ́ náà títí di òní, n kò gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti bá wọn tún fáàfù ọkọ̀ oníbàárà ṣe tẹ́lẹ̀ rí láìmọ ìdí tó fi jó. Nídìí ọkọ̀ oníbàárà, ẹni tó ni ín dúró tì wá lórí, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣẹ́ bóòtì níbẹ̀, ariwo ni, Ọ̀gá á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a fi ara wọn ṣe é. Bí ó bá ṣẹ́ ẹ lára Ìjàpá, wọn a ní kó jókòó, wọn a kọ́ ọ bí a ti ń yọ bóòtì tó ṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń fi ọkọ̀ orí búlọ́ọ̀kù ṣe yẹ̀yẹ́ mọ̀ nìyí: ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dúró dè nìkan ni ọ̀gá lè fi kọ́ni, òun sì nìkan ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ lè ṣe tọkàntọkàn láìsí ẹni tí yóò ní kó mánéèjì ẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ wa bá ti mọ́ lára Ìjàpá ni oníbàárà tó ń jèrè rẹ̀.

Táímìn náà, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Gílóòbù kékeré kan àti wáyà méjì ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan kan kọ́ìlì, ìkejì kan irin ara ọkọ̀. Wàá máa yí disitíríbútọ̀ díẹ̀díẹ̀, ibi tí gílóòbù bá ti tàn, ibẹ̀ ni kọ́ńtáàkì ti là, ibẹ̀ ni kí o sì dì í. Ọ̀gá ní kí n dì í, wọ́n tún ní kí n tú u, kí n dì í, kí n tú u, títí ojú mi fi ń rí iná náà kó tó tàn.

SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ìjàpá náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1986, ìjọba Babangida tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Ní 1984, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ, kí 1986 tó parí, dọ́là kan ti ju náírà mẹ́ta lọ. Bí a bá lọ sí Gate lọ ra sípéà páàtì, iye tí wọ́n pè é láàárọ̀ kọ́ ni wọn yóò pè é ní ìrọ̀lẹ́. Sẹ́ẹ̀tì písítìnì tí Ọ̀gá ti ń tọ́jú owó fún sá fún wọn pátápátá. Àwọn oníbàárà tí kò rí tuntun rà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí Ìjàpá. Ẹnìkan fẹ́ ilẹ̀kùn, ẹnìkan fẹ́ dínámò, ẹnìkan sì fẹ́ jíà bọ́ọ̀sì, ó gbé owó gidi dání.

Mo wà nídìí báfù tí a ti ń fọ irin lọ́jọ́ tí Ìyá Ìbejì bá wọn sọ ọ́.

"Bàbá Ìbejì, ọkùnrin àná yẹn fẹ́ san owó jíà bọ́ọ̀sì yín lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ti dé o. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

"Mo ti gbọ́, Ìyá Ìbejì. Fún mi di ọjọ́ Ẹtì."

Kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, wọ́n ti ta Vespa wọn. Wọ́n san owó ilé ìwé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Gate pẹ̀lú wa. N kò sọ pé Ìyá Ìbejì ṣẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń bọ́ gbogbo wa, àwa ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Ọ̀gá ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá tú jíà bọ́ọ̀sì yẹn tà, mánéèjì nìkan ni ìyókù ayé wọn ì bá dà.

Ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà kò náni ní kọ́bọ̀, àáró ni a fi ṣe é. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà, omi bátìrì sì ti jẹ irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ títí tí a fi ń rí ilẹ̀pa láti inú ọkọ̀. Ẹni tó ń wẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gé irin láti ara dúrọ́ọ̀mù, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Panẹbítà na ìfẹ́ńdà. Ríwáyà tú gbogbo wáyà inú rẹ̀, ó tún un tò. Àwọn náà kò ṣàìní tiwọn: panẹbítà ní Opel Rekord kan tó ti ń ṣe láti ìgbà Gowon, ríwáyà ní Peugeot 404. Ọ̀gá ló sì tún ẹ́ńjìnì àwọn méjèèjì ṣe. Bí oko kan bá kàn, gbogbo wọn a gbá jọ síbẹ̀, gẹ́lẹ́ bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe ní abúlé. N kò rí i kí ẹnikẹ́ni kọ gbèsè sílẹ̀ láàárín wọn.

Yàtọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kan péré ni iṣẹ́ dúró tí Ìjàpá kò jàǹfààní rẹ̀: ọjọ́ ọdún Ògún. Àwọn oníṣẹ́ irin àdúgbò a kó irinṣẹ́ jọ sójú kan, wọn a pa ajá, wọn a ta epo sí sípánà àti òòlù, ẹmu a máa lọ káàkiri. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu irin lọ́jọ́ náà. Ọmọ ìjọ Àńgílíkà ni Ọ̀gá, wọn kì í jẹ ẹran náà, ṣùgbọ́n owó tiwọn kì í gbẹ́yìn, wọ́n sì máa ń jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi nítorí èyí.

Mo gba fíríìdọ̀mù ní 1988, mo sì dá ṣẹ́ẹ̀dì tèmi sílẹ̀ nítòsí Challenge. N kò jìnnà. Nígbà ìkànìyàn oṣù Kọkànlá 1991, tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé, mo ti lọ sùn sílé Ọ̀gá láti ọjọ́ tó ṣáájú. Lábẹ́ Ìjàpá ni àwọn akànìyàn bá wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n kọ orúkọ wa bí a ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀, a sì ń de páìpù bíréèkì lọ.

Ọ̀rọ̀ 1993 yàtọ̀. Nígbà tí ìjọba fagi lé ìbò ààrẹ tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá borí rẹ̀ ní oṣù Kẹfà, Ìbàdàn gbóná. Táyà ń jó lójú títì, ẹni tó ní ọkọ̀ gbé e pamọ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé inú wa dùn sí àyè tí a rí. Ọ̀gá ti tò láti dìbò, wọ́n sì ti gbà pé ayé fẹ́ yí padà. Wọ́n gbé rédíò sórí òrùlé Ìjàpá, wọ́n ń gbọ́ ọ láti àárọ̀ dé alẹ́, ọwọ́ wọn kò sì lè jókòó. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni a tò ẹ́ńjìnì náà pọ̀, pẹ̀lú sẹ́ẹ̀tì písítìnì tí wọ́n ti rà díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan ní Gate, ọ̀kan l'Ékòó. Wọ́n kò bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó kan fáàfù, wọ́n fún mi ní fílà gééjì, wọ́n ní kí n wọn ìkẹta fúnra mi.

Ní oṣù Keje 1994, NUPENG, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì àti gáàsì, daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìbò yẹn kan náà, Frank Kokori ni akọ̀wé àgbà wọn. Epo di ohun àwátì. Wọ́n ń tà á nínú kéègì lójú títì ní iye tó wù wọ́n, oníbàárà kò sì sí mọ́ rárá. Inú àìsí epo yìí ni Ìjàpá ti kọ́kọ́ fọhùn. Bẹntiróòlù tí a fi ń fọ irin ni Ọ̀gá fi aṣọ sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà á lọ sínú kábúrẹ́tọ̀. Ó ta lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Wọ́n yí disitíríbútọ̀ ní ìwọ̀nba irun orí. Ó mú un, ó dúró lórí rẹ̀. Panẹbítà sáré jáde láti inú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pariwo pé "Ìjàpá! Ìjàpá!" Ìyá Ìbejì jáde tàwọn ti omorogùn. Ọ̀gá kò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnì wà, wọ́n fi síbẹ̀ títí bẹntiróòlù inú ìgò fi tán.

Wọn kò tíì wà á lọ ibì kan títí di oṣù Kẹwàá, nígbà tí epo padà dé ní náírà 11 lítà kan, èyí tó jẹ́ náírà 3 àti kọ́bọ̀ 25 tẹ́lẹ̀. Ọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, láti lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn. Èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lórí itan mi. A gba Òjòó, a gba Mọ́níyà, kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà. Ní ìta Fìdítì, ọlọ́pàá dá wa dúró, ó sì lọ tààrà sí fèrèsé òsì.

"Ẹ kú ìrìn, mà. Ìwé ọkọ̀ yín ńkọ́?"

"Ọmọ mi, èmi kọ́ ni mo ń wà á," ni Ìyá Ìbejì wí, wọ́n nawọ́ sí ọkọ wọn lápá kejì. Ọlọ́pàá náà wo sítíárìn títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a máa lọ. Títí a fi dé Ìlọrà ni Ìyá Ìbejì ń sọ ọ́. N kò tíì rí wọn kí wọ́n dùnnú tó bẹ́ẹ̀ sí ohunkóhun tó jẹ mọ́ ọkọ̀ yẹn rí.

Mo máa ń ya wọ́kíṣọ́ọ̀pù àwọn ọ̀dọ́ lóde òní. Ọkọ̀ Tókúnbọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí ló kún ibẹ̀, wọ́n ń fi sìkánà wò ó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbọ́n gan-an. N kò bá wọn jà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ilẹ̀ ti wọ́n, kò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ọkọ̀ kan lè jókòó sí fún ọdún mẹ́wàá, mo sì máa ń ronú pé ara kí ni ọmọ iṣẹ́ wọn ti ń rí bóòtì ṣẹ́.

Ọ̀gá kò fi Ìjàpá ṣe fàájì lẹ́yìn tó dìde tán. Òun ni wọ́n fi ń dán ọmọ iṣẹ́ wò. Lẹ́yìn 1994, ẹni tó bá fẹ́ gba fíríìdọ̀mù yóò kọ́kọ́ sọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò wọn fáàfù mẹ́jọ̀ọ̀jọ, yóò sọ ìdí tí ìkẹta fi ń gbóná, yóò dá ẹ́ńjìnì padà, yóò sì fi gílóòbù ṣe táímìn rẹ̀, tí Ọ̀gá àti ríwáyà jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì láìsọ̀rọ̀. Bí ó bá tán, tó sì dúró lórí rẹ̀, wọn yóò ju kọ́kọ́rọ́ sí i pé kó wà á lọ sí Gate, kó lọ ra ohun tí oníbàárà ọjọ́ náà ń dúró dè.